Ta ló ń bi ìjọba wa léèrè kó tó tọwọ́ bọ̀wé nílẹ̀ òkèèrè?

AyọBẹẹrẹ
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí àwọn ṣọ́jà kan ti fẹ́ gbàjọba ní Kùtọnù, ní orílẹ̀-èdè Benin tó múlé gbè wá, lọ́jọ́ 7 oṣù kejìlá 2025. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni, àwọn míì ò tíì dé láti ṣọ́ọ̀ṣì tí ìròyìn ti gbòde, kílẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú, bàálù ogun Nàìjíríà ti kọjá sọ́hùn-ún, wọ́n ti bá ìjọba Ààrẹ Talon ti Benin lé àwọn tó dìtẹ̀ kúrò nílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n gbà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 9, ni lẹ́tà Ààrẹ Tinubu tó dé iwájú Sẹ́nétì pé kí wọ́n fọwọ́ sí i kí àwọn ọmọ ogun wa lọ, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fọwọ́ sí i.

Mi ò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe ò dáa o. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé lọ́dún 2023, nígbà tí ṣọ́jà gbàjọba ní Niger, lẹ́tà ló kọ́kọ́ dé, ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ni wọ́n kà á ní Sẹ́nétì, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì àwọn sẹ́nétọ̀ ti ní àwọn ò fẹ́ ogun, kí Ààrẹ àti ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lọ fọ̀rọ̀ ẹnu yanjú ẹ̀. Ogun ọ̀ún ò sì wáyé. Sẹ́nétì kan náà ni. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n ṣáájú, wọ́n sọ tẹnu wọn, nígbà tí wọ́n bi wọ́n lẹ́yìn tí bàálù ti lọ tó ti bọ̀, kí ni wọ́n tún fẹ́ sọ?

Ìbéèrè mi rèé: nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, àti ọ̀rọ̀ kóòtù àgbáyé, ta ló ń bi ìjọba wa léèrè, ìgbà wo ló sì yẹ kí wọ́n bi í? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́, ká má bú ara wa, ká fi ti pátì sílẹ̀.

ÌyáAláṣọ_Gbági
Ayọ̀, o ṣeun tó o gbé e wá. Kùtọnù ni mo ti ń ra ọjà láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó o wí yẹn, ẹni tí mo ń ra aṣọ lọ́wọ́ ẹ̀ ní Dantokpa ló pè mí, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi pé ẹnì kan dúró tì í, ó ní kí n má tíì fi owó tó kù ránṣẹ́ o, pé àwọn ò mọ̀ bóyá ọjà máa ṣí ní Mọ́ńdè, mo sì ń gbọ́ bí àwọn ọmọ ẹ̀ ṣe ń sunkún lẹ́yìn ẹ̀. Nígbà tó dalẹ́ tí wọ́n ní ó ti rọlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, inú mi dùn pé àwọn ọmọ wa lọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ti 2019 ńkọ́? Oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni wọ́n ti bọ́dà pa, wọ́n ní torí ìrẹsì àti epo tí wọ́n ń ṣe fàyàwọ́ ni, ó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà Sèmè padà. Èmi ò gbé ìrẹsì, aṣọ ni mo ń tà. Àǹkárá mi wà ní ilé ìkẹ́rùsí lódìkejì, òjò wọlé sí i, ìgbà tí mo máa fi rí i padà ńkọ́, mo tú bẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́, òórùn ẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, gbogbo etí aṣọ ti hu funfun, àwọ̀ ewé ti ṣàn sínú àwọ̀ òféèfèé. Aṣọ ìgbéyàwó ni wọ́n ní kí n bá àwọn rà o. Kí wọ́n tó ti bọ́dà yẹn, ta ló bi wọ́n pé oṣù mélòó ló máa gbà? Ta ló bi wọ́n pé àwa tí a ò ṣe fàyàwọ́ ńkọ́?

Lọ́yà_Àgọ́dì
Ẹ kú ọjà mà, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Ẹ jẹ́ n gbé ohun tó wà nínú ìwé òfin 1999 síta, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé Ààrẹ lè ṣe bó ṣe wù ú nídìí ọ̀rọ̀ òkèèrè, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Abala 5 ní Ààrẹ ò gbọdọ̀ kéde ogun sí orílẹ̀-èdè míì àyàfi tí ilé aṣòfin méjèèjì bá jókòó pọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí i, kò sì gbọdọ̀ rán ṣọ́jà lọ jà lẹ́yìn odi láìjẹ́ pé Sẹ́nétì ti gbà ṣáájú. Ohun tí wọ́n tẹ̀lé ní 2023 nìyẹn. Àmọ́ abala kan náà ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan sílẹ̀: tí ewu bá ti dé tán tó lè ba ààbò wa jẹ́, Ààrẹ lè rán wọn lọ lẹ́yìn tó bá ti bá ìgbìmọ̀ ààbò sọ̀rọ̀, kó wá wá àṣẹ Sẹ́nétì láàárín ọjọ́ 7 tí ìjà bẹ̀rẹ̀, Sẹ́nétì ní ọjọ́ 14 láti gbà tàbí láti kọ̀.

Bí ẹ bá wo ti Kùtọnù, lẹ́tà dé láàárín ọjọ́ tí òfin fi sí i. Èmi ò bá Ààrẹ jà níbẹ̀. Àwọn tí mo ń bá wí ni Sẹ́nétì. Òfin fún wọn ní ọjọ́ 14, wọn ò lò ju ọjọ́ kan. Wọ́n láyè láti pe mínísítà ààbò àti mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè, kí wọ́n bi wọ́n pé àwọn wo ló lọ, ta ló ń darí wọn, ọjọ́ wo ni wọ́n ń bọ̀, nínú owó wo la ti ń ná an. Abala 67 ní mínísítà gbọ́dọ̀ wá tí wọ́n bá pè é kó wá ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀. Abala 88 àti 89 fún wọn lágbára láti ṣèwádìí, kódà wọ́n lè ní kí wọ́n lọ mú ẹni tó kọ̀ láti wá. Ańbásádọ̀ ò lè gbaṣẹ́ láìjẹ́ pé Sẹ́nétì yẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn wà ní abala 171. Abala 12 wá ní àdéhùn kankan tí a bá bá orílẹ̀-èdè míì ṣe ò ní agbára òfin níbí àyàfi tí àwọn aṣòfin bá sọ ọ́ dòfin. Agbára ò wọ́n wọn rárá.

Dọ̀tun_Ṣáṣá
Ẹ̀gbọ́n lọ́yà, inú ìwé ni gbogbo ẹ̀ wà. Ohun tí à ń rí ni pé wọ́n á ka lẹ́tà, wọ́n á ní àwọn tó bá fara mọ́ ọn kí wọ́n wí, ariwo á sọ, òòlù á dún, ó tán. Ká tiẹ̀ ní wọ́n pe mínísítà, ṣé níwájú kámẹ́rà ló ti máa sọ ohun tó mọ̀? Ọ̀rọ̀ àṣírí ni ọ̀rọ̀ òkèèrè. Tí Sẹ́nétì bá sì fi ọjọ́ 14 jiyàn lórí Kùtọnù, àwọn tó dìtẹ̀ ti gbàjọba tán nìyẹn, bọ́dà wa ní Ìdìròkó àti ní Òkèrètè lọ́nà Ṣakí á wá di ojú ogun. Ọ̀yọ́ yìí náà bá wọn pààlà o, ẹ má gbàgbé.

BàbáTíṣà_Yemẹtu
Dọ̀tun ọmọ mi, mo gbọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìlú Ìbàdàn tó o wà yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ bi ìjọba Nàìjíríà léèrè lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí.

Oṣù kọkànlá 1960 ni, a ò tíì lò ju oṣù kan àti díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Balewa gbé àdéhùn ààbò kan wá síwájú ilé aṣojú-ṣòfin l'Ékòó, láàárín àwa àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á ràn wá lọ́wọ́ ní ti ológun, àwa náà á fún bàálù ogun wọn láyè láti máa fò kọjá lójú sánmà wa kí wọ́n sì máa bà sílẹ̀ wa. Awólọ́wọ̀ tó jẹ́ olórí alátakò ta kò ó. Ilé fọwọ́ sí i náà ni. Ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wa níbí, tó ń jẹ́ University College nígbà yẹn, bá gbéra, ó di Èkó, ó di ọgbà ilé aṣòfin. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà nínú wọn. Títí tó fi kú ló máa ń sọ fún wa pé páálí bisikíìtì lòun ya tóun fi ẹ̀dú kọ ọ̀rọ̀ sí, àyà lòun gbé e mọ́ nínú lọ́rì, nígbà tí wọ́n fi máa dé Èkó gbogbo ẹ̀dú ọ̀ún ti gbé ara ẹ̀ sórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun òun, ọ̀rọ̀ tó kù lára páálí ò ṣe é kà mọ́, òun wá ń pariwo ẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n lu àwọn aṣòfin kan lọ́jọ́ náà, ìyẹn ò dáa, mi ò sì lè yìn ín. Àmọ́ oṣù kìíní 1962 ni wọ́n fagi lé àdéhùn yẹn.

Ẹ wo ohun kan níbẹ̀. Inú ilé aṣòfin ni mínísítà máa ń jókòó nígbà yẹn. Balewa àti Awólọ́wọ̀ ń wo ojú ara wọn ni, ìbéèrè dé, kó dìde kó dáhùn. Ètò tí à ń lò láti 1979 ò rí bẹ́ẹ̀, mínísítà ò lè jẹ́ aṣòfin, tí wọn ò bá ránṣẹ́ pè é, ọ́fíìsì ẹ̀ ló máa jókòó sí. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni ìbéèrè ti kú mọ́ wa lọ́wọ́.

PọlíSáì_UI
Ẹ ṣé gan-an bàbá. Ìmọ̀ òṣèlú ni mò ń kà, ẹ jẹ́ n mú ti Bakassi wá, ilẹ̀ etí òkun tí àwa àti Kamẹrúùnù jọ ń du nígbà kan, torí òun ló dáhùn ìbéèrè Ayọ̀ jù lójú tèmi.

Ọdún 1994 ni Kamẹrúùnù gbé wa lọ sí kóòtù àgbáyé ní Hague, ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá 2002 ni kóòtù ní àwọn ló ni Bakassi. Àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ti 1913 làwọn èèyàn máa ń dárúkọ. Èyí tí wọn kì í sábà sọ ni ti Maroua. Lọ́jọ́ 1 oṣù kẹfà 1975, Ọ̀gágun Gowon lọ sí ìlú Maroua ní Kamẹrúùnù, òun àti Ààrẹ Ahidjo tọwọ́ bọ ìwé kan tó fa ìlà ààlà wa gùn sí i nínú òkun. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ Gowon. Nígbà tó wá di ẹjọ́ ní Hague, àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà sọ pé ìwé yẹn ò múlẹ̀, pé ìgbìmọ̀ àgbà àwọn ológun tó ń ṣòfin nígbà yẹn ò fọwọ́ sí i rí.

Kóòtù ò gbà. Wọ́n ní olórí orílẹ̀-èdè ni Gowon nígbà tó fi tọwọ́ bọ̀ ọ́, tí olórí bá tọwọ́ bọ̀wé, orílẹ̀-èdè ẹ̀ ló tọwọ́ bọ̀ ọ́ yẹn. Wọ́n ní kò sí òfin tó di dandan fún Kamẹrúùnù kó máa wádìí ohun tí òfin abẹ́lé Nàìjíríà sọ.

Ẹ̀yin ará, ẹ rọra kà á. Abala 12 tí ẹ̀gbọ́n lọ́yà sọ yẹn, abẹ́ òrùlé wa ló mọ. Tí bírò olórí wa bá ti kan ìwé lóhùn-ún, kò sẹ́ni tó máa bi wá ní Hague pé ṣé àwọn aṣòfin yín gbọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni tó wọ bàálù lọ tọwọ́ bọ̀wé ló ti yẹ kí ìbéèrè wáyé, ti ẹ̀yìn ẹ̀ ò wúlò tó bẹ́ẹ̀.

AyọBẹẹrẹ
Èyí wọ̀ mí lára o. Báálé ta ilẹ̀ ẹbí tán kó tó pe mọ̀lẹ́bí jọ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ kó Bakassi lé wọn lọ́wọ́ gan-an, ṣé wọ́n bi àwọn aṣòfin?

Lọ́yà_Àgọ́dì
Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2006, ní Greentree, ìpínlẹ̀ New York, Obasanjo àti Ààrẹ Biya ti Kamẹrúùnù tọwọ́ bọ àdéhùn bí wọ́n ṣe máa kó o lé wọn lọ́wọ́, Kofi Annan tó jẹ́ akọ̀wé àgbà àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé nígbà yẹn wà níbẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn làwọn ṣọ́jà wa bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò. Oṣù kọkànlá 2007 ni Sẹ́nétì wá jáde pé kò bófin mu, pé wọn ò gbé àdéhùn yẹn wá síwájú àwọn gẹ́gẹ́ bí abala 12 ṣe wí. Ẹ ka oṣù tó wà láàárín ẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2008 ni wọ́n parí ẹ̀ ní Calabar, ọ̀rọ̀ Sẹ́nétì ò dá ohunkóhun dúró.

Ó tún kù. Òfin kóòtù àgbáyé fún wa ní ọdún 10 láti padà lọ tí a bá rí ẹ̀rí tuntun tí a ò mọ̀ nígbà ẹjọ́. Ọjọ́ yẹn máa pé ní oṣù kẹwàá 2012. Ìgbà tó ku díẹ̀ kó pé ni ariwo sọ ní ilé méjèèjì pé kí ìjọba padà lọ, ìjọba ní àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ohun tó lè mú kí kóòtù yí i padà. Bóyá òótọ́ ni ìjọba sọ, ẹjọ́ yẹn le lóòótọ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá ẹ̀rí tuntun, ṣé ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn lẹ máa dìde ni? Adájọ́ Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta tí Nàìjíríà yàn síbi ẹjọ́ yẹn, ti kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2002 pé òun ò fara mọ́ ìdájọ́ náà. Ìgbìmọ̀ aṣòfin kan ì bá ti pe bàbá yẹn kó wá là wọ́n lọ́yẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò yẹ kó di 2012.

Ajagun_Odògbo
Mo ti fẹ̀yìn tì, mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbí, àmọ́ èyí kàn mí.

Oṣù kẹjọ 1990 ni ECOMOG, àwọn ọmọ ogun ECOWAS, wọ Monrovia ní Liberia nígbà ogun abẹ́lé ibẹ̀. Abẹ́ ìjọba ológun la wà, kò sí ilé aṣòfin kankan tí wọn ì bá bi. Èmi lọ lẹ́yìn náà. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tí a jọ ń sùn nínú tẹ́ǹtì kan náà, aago ọwọ́ ẹ̀ máa ń yára, ó máa ń ní kí n bá òun tún un ṣe, àárọ̀ ọjọ́ tó kú èmi ni aago yẹn wà lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo gbé e lọ fún ìyá ẹ̀ nígbà tí a dé. Màmá yẹn bi mí pé, “Kí lẹ lọ ṣe níbẹ̀?” Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un, ìyẹn ò sì pọ̀. Ẹni tó rán wa lọ ló yẹ kó dáhùn ìbéèrè yẹn níwájú gbogbo ayé.

Ẹ wá wo ti Charles Taylor, olórí ọlọ̀tẹ̀ ní Liberia tó padà di ààrẹ ibẹ̀. Àwọn èèyàn ẹ̀ pa oníròyìn wa méjì ní 1990, Krees Imodibie àti Táyọ̀ Awótusìn. Oṣù kẹjọ 2003 ìjọba wa gbé e wá sí Calabar, wọ́n fún un nílé, nígbà yẹn kóòtù pàtàkì ti Sierra Leone ti fẹ̀sùn kàn án pé ó ń ti àwọn ọlọ̀tẹ̀ ibẹ̀ lẹ́yìn. Mo mọ ìdí ẹ̀, wọ́n fẹ́ kó kúrò kí ìjà lè rọlẹ̀ ní Monrovia, ó sì rọlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó lọ béèrè ẹ̀ ní kóòtù l'Abùjá ní 2004, àwọn ọmọ Nàìjíríà méjì tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ yẹn gé lápá ní Sierra Leone ni. Ẹ gbọ́ o, àwọn tí wọ́n gé lápá ló lọ ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí ilé aṣòfin ṣe. Oṣù kẹta 2006 ó sá kúrò ní Calabar, wọ́n mú un ní Gamboru-Ngala ní Borno, ó kù díẹ̀ kó wọ Kamẹrúùnù. Ọdún 50 ni wọ́n dá fún un ní 2012, ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà.

Dọ̀tun, o ní àṣírí. Ibi tí ṣọ́jà máa sùn àti wákàtí tó máa gbéra, àṣírí ni, má sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni. Ìdí tí wọ́n fi rán an lọ àti ọjọ́ tó máa padà, aráàlú gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

ÒkèÀdó_ní_Manchester
Bàbá Ajagun, ẹ kú ìnira. Ọlọ́run á tu màmá yẹn nínú.

Níbí tí mo wà, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ tí wọ́n ń bi mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè léèrè nínú ilé aṣòfin wà nínú ètò, bíi ọ̀sẹ̀ márùn-ún síra wọn nígbà tí ilé bá ń jókòó, kò dọwọ́ pé ó wù ú tàbí kò wù ú. Oṣù kẹjọ 2013 tí Cameron tó jẹ́ olórí ìjọba níbí nígbà yẹn fẹ́ kí wọ́n lọ ju bọ́ǹbù sí Síríà, ó gbé e wá sílé, 285 ló kọ̀, 272 ló gbà, ó dìde níbẹ̀ ó ní òun ti gbọ́, wọn ò sì lọ.

Àmọ́ ẹ má rò pé ìbéèrè nìkan tó o. Oṣù kẹta 2003 ilé aṣòfin kan náà dìbò pé kí wọ́n lọ jagun ní Ìráàkì, 412 sí 149, torí ìjọba sọ fún wọn pé àwọn ohun ìjà runlérùnnà wà níbẹ̀. Wọ́n débẹ̀, wọn ò rí i. Àwọn aṣòfin tó dìbò, ohun tí wọ́n fi síwájú wọn ni wọ́n fi dìbò. Tí aṣòfin ò bá lè rí ìwé tí ìjọba ń kà, tí kò ní àwọn tó mọṣẹ́ tó máa bá a yẹ̀ ẹ́ wò, ẹnu lásán ló máa fi bèèrè.

Dọ̀tun_Ṣáṣá
Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ kí wọ́n bèèrè. Mò ń bẹ̀rù pé wọ́n á kàn máa ṣe é bíi ayẹyẹ ni. Ọ̀rọ̀ bàbá Ajagun yé mi, ìdí kì í ṣe àṣírí, mo gbà bẹ́ẹ̀. Kí ni wọ́n máa ṣe sí ti wàràwéré wá? Ti ọjọ́ Sọ́ńdè?

Lọ́yà_Àgọ́dì
Dọ̀tun, òfin ti dáhùn ẹ̀. Kí bàálù lọ ní Sọ́ńdè tí ewu bá dé, kò sẹ́ni tó ní kó má lọ. Àmọ́ láàárín ọjọ́ 14 yẹn, kí ìgbìmọ̀ Sẹ́nétì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkèèrè àti èyí tó ń rí sí ológun ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n wo ìwé, kí wọ́n bi ọ̀gá ológun léèrè, kí wọ́n wá jáde sọ fún wa ohun tó ṣe é sọ. Ní 2023 náà wọ́n kọ́kọ́ tilẹ̀kùn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó jáde wá sọ pé àwọn ò fẹ́ ogun. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

ÌyáAláṣọ_Gbági
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ti àwọn ańbásádọ̀. Oṣù kẹsàn-án 2023 ni wọ́n pe gbogbo wọn wálé, ó di ìparí 2025 kí orúkọ tuntun tó dé iwájú Sẹ́nétì. Ó lé lọ́dún méjì! Àbúrò mi obìnrin wà ní ìlú kan tí mi ò ní dárúkọ, páálí ìrìnnà ẹ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ilé iṣẹ́ ń lé e, ọ́fíìsì wa níbẹ̀ ń ní kó lọ kó bọ̀. Ẹni tó wà nídìí tábìlì ní ọ̀gá tó lè fọwọ́ sí ohun tó ń wá ò sí. Ọdún méjì, Sẹ́nétì tó ní ẹ̀tọ́ láti yẹ wọ́n wò ń retí orúkọ, ó yẹ kí wọ́n ti pe mínísítà pé orúkọ dà.

PọlíSáì_UI
Màmá, ẹ kú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan kún un, ti kóòtù tó ń dájọ́ ọ̀daràn ogun, ICC. Ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án 2001 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí ìwé ẹ̀. Tó o bá ti fọwọ́ sí i, tí ẹni tí kóòtù yẹn ń wá bá wọ ilẹ̀ ẹ, ó yẹ kó o mú un. Oṣù keje 2013, Omar al-Bashir ti Sudan tí wọ́n ti fi ìwé mú un síta láti 2009 wá sí ìpàdé Áfíríkà l'Abùjá, wọ́n gbà á lálejò, àwọn ẹgbẹ́ ará ìlú kan gba kóòtù lọ pé kí wọ́n mú un, ó ti wọ bàálù lọ. Ìjọba ní ẹgbẹ́ Áfíríkà ló pè é, kì í ṣe àwa. Ìyẹn ṣe é jiyàn lé, ilé aṣòfin ló sì yẹ kí wọ́n ti jiyàn ẹ̀.

Èyí tó kan àwa fúnra wa tún wà. Ọjọ́ 11 oṣù kejìlá 2020, Fatou Bensouda, olùpẹjọ́ ICC nígbà yẹn, ní òun ti parí àyẹ̀wò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 2010, pé ìdí wà láti ṣèwádìí Boko Haram, ìdí sì wà láti ṣèwádìí àwọn kan nínú àwọn ọmọ ogun wa náà. Adájọ́ tó jẹ́ ààrẹ ICC lọ́dún yẹn, ọmọ Nàìjíríà ni, Chile Eboe-Osuji. Ohun tó yẹ kó gba odindi ọ̀sẹ̀ kan ní ilé aṣòfin nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ pé ó wúlò kí aṣòfin ṣiṣẹ́ ẹ̀, ẹ wo Gani Fawẹ̀hìnmí. Ọdún 1983, nígbà Shàgàrí, ilé aṣòfin sọ ìwé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Áfíríkà dòfin nílẹ̀ wa. Nígbà tí ìjọba Abacha gbé Gani ní 1996 láì fi ìwé àṣẹ hàn, òfin yẹn ló gbé lọ sí kóòtù, ní 2000 kóòtù tó ga jù ní òfin Nàìjíríà ni lóòótọ́, aráàlú lè dì í mú. Àwọn aṣòfin 1983 ò mọ Abacha o. Wọ́n kàn ṣe iṣẹ́ wọn ni.

BàbáTíṣà_Yemẹtu
Ọmọ mi, o káwèé, Ọlọ́run á jẹ́ kó o gbádùn ẹ̀. Olóyè Taslim Elias, ọmọ Èkó, tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn òmìnira, jẹ́ ààrẹ kóòtù Hague yẹn láti 1982 sí 1985. Àwọn ọmọ wa ti jókòó sórí àga tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́ gbogbo ayé. Kò yẹ kí àwa máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé wa lẹ́nu àlejò.

AyọBẹẹrẹ
Mo ti ka gbogbo ẹ̀ tán. Ohun tí mo fẹ́ ká ṣe rèé. Sẹ́nétọ̀ mẹ́ta la ní ní Ọ̀yọ́, ọnọ́rébù 14 ló wà ní ilé kejì. Ẹ jẹ́ ká kọ lẹ́tà kan sí gbogbo wọn, kó má gùn. Ká ní kí wọ́n sọ fún wa ní kíkọ pé lórí ti Kùtọnù, ṣé wọ́n ti gba ìròyìn kankan láti ọjọ́ 9 oṣù kejìlá yẹn, ta ló gbà á, ọjọ́ wo làwọn ọmọ ogun wa máa dé. Ká ní kí wọ́n gbé e wá sílé pé kí mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè máa wá dáhùn ìbéèrè ní ọjọ́ tí gbogbo ayé mọ̀, kó má dúró dìgbà tí wàhálà bá ṣẹlẹ̀. Ká sì ní kí ìjọba máa fi àdéhùn tó bá jẹ mọ́ ààlà, ọmọ ogun tàbí ọjà han ìgbìmọ̀ aṣòfin kí ẹnikẹ́ni tó lọ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ ìdí, ká kọ Maroua síbẹ̀, oṣù kẹfà 1975.

Lọ́yà_Àgọ́dì
Mo máa kọ ọ́. Òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba ti wà láti 2011, ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn, mo máa fi ìyẹn sí i pẹ̀lú.

ÌyáAláṣọ_Gbági
Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá náà o. Ìpàdé àwa aláṣọ máa ń wáyé lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo fẹ́ kà á sí wọn létí kí wọ́n tó tẹ̀ka sí i. Ó kéré tán wọ́n á bi mí ní ìbéèrè, torí náà kí ẹnì kan nínú yín bá mi wá.

Ajagun_Odògbo
Màmá, èmi máa bá yín lọ. Ẹ sọ aago tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀.

ÌyáAláṣọ_Gbági
Aago mẹ́wàá àárọ̀, bàbá. Ẹ gba ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí ọ̀nà Ìfẹ̀ wọlé, ẹ béèrè ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á mú yín wá.

Dọ̀tun_Ṣáṣá
Èmi ní fọ́tò ìwé Sẹ́nétì ti 2007 lórí Bakassi tí wọ́n gbé jáde nínú ìwé ìròyìn nígbà yẹn, mo máa tẹ̀ ẹ́ jáde. Lọ́yà, ẹ̀dà mélòó lẹ fẹ́?

Lọ́yà_Àgọ́dì
17, fún àwọn mẹ́tàdínlógún. Kó o wá tẹ ọ̀kan sí i fún ara wa.